Èrò pọ̀ ju àga lọ: Ìdí tí ìjókòó fi ń wọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin Èkó àti ohun tó lè dín ìfúnpọ̀ kù

Láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó yọ, èrò á ti tò sórí pèpéle ibùdókọ̀ ojú irin Àgbádó. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, ọlọ́jà wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá dé, tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kíá làwọn àga ń kún. Ẹni tó wọlé ní Àgbádó á jókòó pẹ̀sẹ̀. Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ kan náà l'Agége ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdúró ló máa dúró títí dé Òyìngbò, bó bá tiẹ̀ ráyè wọlé rárá.

Ìbéèrè tó máa ń jáde lẹ́nu èrò ni pé: ṣé ẹni tó ti sanwó ọkọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àga ni?

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá láyé, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé èèyàn lọ síbi iṣẹ́ kì í ṣèlérí àga fún gbogbo èrò. Ohun tó yẹ kó ṣèlérí ni pé òmíràn ń bọ̀ láìpẹ́. Ibi tí ìlérí yìí bá ti yẹ̀ ni ìfúnpọ̀ ti ń di ìyà. Àlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ rè é.

Ọkọ̀ ojú irin wo ló ń kó èrò l'Èkó báyìí?

Oríṣi mẹ́ta ló yẹ kéèyàn mọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àga wọn kò rí bákan náà.

- Blue Line: Mile 2 sí Marina ni, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún: Mile 2, Suru-Alaba, Orílé Iganmu, National Theatre àti Marina. Iná mànàmáná ló ń lò. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló ṣí i lóṣù Kìíní ọdún 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́jọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún yẹn kan náà.
- Red Line: Àgbádó sí Òyìngbò ni, kìlómítà 27, ibùdókọ̀ mẹ́jọ: Àgbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin, Yábàá àti Òyìngbò. Epo dísù ló ń lò. Ààrẹ Bola Tinubu ṣí i lọ́jọ́ 29, oṣù Kejì, ọdún 2024. Ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún aráàlú.
- Ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn: Kìlómítà 157 ni, láti Èbúté Mẹ́ta dé Mọ́níyà. Oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Èyí kì í ṣe ọkọ̀ àárọ̀-lọ-alẹ́-bọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn méjì àkọ́kọ́. Ìrìnàjò ìlú sí ìlú ni tirẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa ń ní nọ́ńbà kóòṣì àti nọ́ńbà àga.

LAMATA, àjọ tó ń rí sí ètò ìrìnnà l'Èkó, ló ń mójú tó Blue Line àti Red Line. Àjọ rélùwéè Nàìjíríà, NRC, ló ni ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ni àlàyé yìí dá lé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfúnpọ̀ ti gbóná jù.

Ìfúnpọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ọ̀nà irin tóóró yẹn náà ni ọkọ̀ èrò Ìdó sí Ìjókò ń tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ti gbé agbègbè Agége, Ìjú tàbí Ìjókò rí yóò rántí bó ṣe máa ń rí láàárọ̀. Inú kóòṣì á kún, ẹnu ọ̀nà á kún, àwọn kan á rọ̀ mọ́ irin tó so kóòṣì pọ̀, àwọn mìíràn á gun orí òrùlé lọ. Àwọn aláṣẹ ń kìlọ̀, ọlọ́pàá ń mú èèyàn, síbẹ̀ òrùlé kò ṣófo.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gun òrùlé ló fẹ́ sá fún owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ibi tẹsẹ̀ sí nínú kóòṣì. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní dé kí aago iṣẹ́ tó lù.

Èkó ti fẹ́ wá ojútùú sí i tipẹ́. Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro, èyí tí wọ́n ń pè ní Metroline, lọ́dún 1983. Lọ́dún 1985, ìjọba ológun Muhammadu Buhari fagi lé e. Ó di ọdún 2023, lábẹ́ Buhari kan náà tó ti di Ààrẹ alágbádá, kí Blue Line tó gbéra. Láàárín àkókò yẹn, Èkó ń gbòòrò sí i, ilé ń dìde ní Ìfọ̀, Sángo àti Àgbádó, àmọ́ ibi iṣẹ́ ṣì pọ̀ sí Ìkẹjà, Yábàá àti Erékùṣù Èkó.

Ohun mìíràn tún dé. Lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Owó danfo àti kórópe fò sókè. Ẹni tí kò ka rélùwéè sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kì í bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé lọ́nà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọkọ̀ ti kún?

Nínú danfo, kíka àga ti tó. Bí àga bá tán, ọkọ̀ kún. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti ka àwọn tó máa jókòó mọ́ àwọn tó máa dúró láti ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí okùn ìdìmú fi ń rọ̀ sókè, tí ọ̀pá irin sì wà láàárín kóòṣì.

Àpẹẹrẹ kan wà ní London. Elizabeth Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Karùn-ún ọdún 2022 dé Abbey Wood, lẹ́bàá Thamesmead, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ọkọ̀ kan níbẹ̀ lè gba èrò 1,500, àmọ́ àga inú rẹ̀ kò ju bí 450 lọ. Ìyẹn ni pé bí ọkọ̀ náà bá kún dáadáa, nínú èrò mẹ́wàá, bíi méje ló máa wà lórí ìdúró. Wọn kò ṣàṣìṣe. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Ilẹ̀ Japan ní òṣùwọ̀n kan tó rọrùn láti lóye, èyí tí wọ́n fi ń sọ bí ìfúnpọ̀ ṣe le tó:

- 100%: Àwọn kan jókòó, àwọn tó dúró sì rí okùn tàbí ọ̀pá dìmú.
- 150%: Èèyàn ṣì lè ṣí ìwé ìròyìn kó kà á.
- 180%: Ó di kéèyàn ká ìwé ìròyìn náà kó tó lè kà á.
- 200%: Ara ń kan ara, ó sì ń ni èrò lára.
- 250%: Bí ọkọ̀ bá mì, gbogbo èrò á mì pọ̀. Kò sẹ́ni tó lè gbé ọwọ́.

Lọ́dún 1975, ìṣirò ìfúnpọ̀ àárọ̀ ní agbègbè Tokyo jẹ́ 221%. Ìgbà yẹn làwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ ti èrò wọlé di ìlúmọ̀ọ́ká. Nígbà tó fi máa di ọdún 2019, ó ti wálẹ̀ sí 163%. Wọn kò ṣe é nípa fífi àga kún inú kóòṣì. Wọ́n la ọ̀nà irin tuntun, wọ́n so kóòṣì pọ̀ sí i, wọ́n sì mú kí ọkọ̀ máa wá léraléra.

Èrò Èkó náà lè fi òṣùwọ̀n yìí wo ọkọ̀ tó bá wọ̀. Bí fóònù bá ṣeé yọ lápò láìfi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnikẹ́ni, ìfúnpọ̀ kò tíì dé góńgó. Bí kò bá ṣeé yọ mọ́, nǹkan ti ń bàjẹ́.

Ṣé kí wọ́n fi àga kún un ni?

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn nìyẹn. Àmọ́ àga ń gba àyè. Ibi tí ẹnì kan jókòó sí, èèyàn méjì lè dúró síbẹ̀.

Ká ní ọkọ̀ kan ń kó èrò 600, tí 150 jókòó, tí 450 dúró. Bí wọ́n bá fi àga 50 kún un, àyè èèyàn 100 tó lè dúró ti lọ nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń kó 600 ti di èyí tó ń kó 550. Èèyàn 50 rí àga, èèyàn 50 mìíràn sì kù sórí pèpéle, wọ́n ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ bó ṣe ń lọ.

Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ọkọ̀ Èkó méjèèjì. Ọkọ̀ ìgboro ni wọ́n ṣe ti Blue Line láti ìbẹ̀rẹ̀, fún ìrìnàjò kúkúrú, èyí táwọn èrò ti lè máa dúró. Ọkọ̀ Talgo tó ń ṣiṣẹ́ ní Red Line ní ìtàn mìíràn. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, kó lè máa ná ọ̀nà Chicago sí Milwaukee. Ètò náà forí ṣánpọ́n níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ra méjì lóṣù Kìíní ọdún 2022. Ọkọ̀ ìlú sí ìlú ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é: àga rẹ̀ dùn ún jókòó, àmọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ní àyè ìdúró àti ilẹ̀kùn tó pọ̀ bíi ti ọkọ̀ ìgboro. Ohun tó tu èrò lára níbi tí ọkọ̀ kò ti dúró léraléra lè di ìṣòro níbi tí èèyàn ti ń wọlé, tí wọ́n tún ń jáde ní ibùdókọ̀ mẹ́jọ.

Ìṣẹ́jú mélòó ni òmíràn máa dé?

Ibí yìí gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ọkọ̀ tó ń kó 600 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i:

- Bó bá ń wá lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí kan, èrò 600 ló máa kó.
- Bó bá ń wá ní ìṣẹ́jú 30-30, ó di 1,200.
- Bó bá ń wá ní ìṣẹ́jú 10-10, ó di 3,600 láàárín wákàtí kan náà.

Wọn kò fi àga kan ṣoṣo kún ọkọ̀ náà, síbẹ̀ iye èèyàn tó rí àga jókòó ti di ìlọ́po mẹ́fà. Ní àárín gbùngbùn London, ọkọ̀ Elizabeth Line 24 ló ń kọjá ní wákàtí kan lásìkò tí èrò ń ya jù. Ẹni tí kò bá rí àyè nínú èyí tó dé lè ní sùúrù, nítorí pé kò ní dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí òmíràn tó dé. Bó bá jẹ́ wákàtí kan ni, ta ló máa ní sùúrù? Kálukú á fẹ́ há ara rẹ̀ mọ́ èyí tó dé.

Kí ló wá dé tí wọn kò kàn fi ọkọ̀ kún un? Lórí Blue Line, ọ̀nà irin náà dá dúró fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀, iná àti òṣìṣẹ́ bá wà, ìrìnàjò lè pọ̀ sí i. Ti Red Line le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ọ̀nà irin kan náà ni òun àti ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ń kọjá, àti ọkọ̀ ẹrù pẹ̀lú. Àyè tí ọ̀kan bá ń lò, òmíràn gbọ́dọ̀ dúró kó kọjá. Nítorí náà, àdéhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín ìjọba Èkó àti NRC lórí àsìkò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa kọjá, yàtọ̀ sí pé kí wọ́n ra ọkọ̀ sí i.

Ibi téèyàn ti wọlé ló ń pinnu àga

Láàárọ̀, Mile 2 àti Àgbádó ni ọkọ̀ ti ń gbéra sí ìhà ibi iṣẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mú àga. Nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ á yí padà, àwọn tó wọlé ní Marina àti Òyìngbò ni yóò jókòó. Ẹni tó ń gbé Orílé tàbí Mushin wà láàárín méjèèjì. Ìdúró ló sábà máa ń bá a láàárọ̀.

Èyí ló fà á tí àwọn èrò ní ọ̀pọ̀ ìlú fi ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ padà sẹ́yìn lọ sí ibi tó ti ń gbéra, kí wọ́n lè rí àga. Owó àti àsìkò wọn ni wọ́n fi ń ra ìjókòó náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwọn ará Mile 2, nítorí pé iṣẹ́ ìpele kejì Blue Line máa gbé e dé Òkòkòmáìkò. Gbogbo ọ̀nà náà á wá di kìlómítà 27. Ayọ̀ ńlá nìyẹn fún àwọn ará ọ̀nà Badagry. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kò ní máa ṣófo dé Mile 2 mọ́. Bí iye ìrìnàjò kò bá pọ̀ sí i kí ọjọ́ náà tó dé, àwọn tó ń jókòó lónìí á di ẹni tó ń dúró. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ilẹ̀kùn: ibi tí ìdádúró ti ń bẹ̀rẹ̀

Ohun kan wà tí èrò fúnra wọn ń dá kún. Bí àwọn tó wọlé bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kò ní rí ọ̀nà, àwọn tó fẹ́ wọlé á máa ti ara wọn. Ìdádúró tó yẹ kó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ á di ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ báyìí ní ibùdókọ̀ mẹ́rin, èrò tó ń dúró níbi tó kù á ti pọ̀ sí i kó tó débẹ̀, òun náà á wá tún pẹ́ sí i. Síbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, àárín kóòṣì ṣì lè ní àyè nígbà tí ẹnu ọ̀nà ti há pinpin.

Ta ló yẹ kó jókòó?

Nígbà tí àga kò bá kárí, ọ̀rọ̀ di ti ọmọlúàbí. Àwọn tó yẹ kí wọ́n fún láyè kò ṣòro láti mọ̀:

- aláboyún àti ìyá tó pọn ọmọ tàbí gbé e dání;
- bàbá àgbà àti ìyá àgbà;
- ẹni tó ń lo ọ̀pá tàbí tó ní ìpèníjà ara;
- ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ẹni tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Kì í ṣe gbogbo àìsàn ló hàn lójú. Ẹni tó ní foníkú-fọladìde lè dà bí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le koko, kó sì jẹ́ pé ìdúró wákàtí kan lè dá a dùbúlẹ̀. Oyún oṣù méjì náà kì í tíì yọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà yẹn ni òòyì àti èébì máa ń da ọ̀pọ̀ aláboyún láàmú. Láti ọdún 2005 ni London ti ń fún àwọn aláboyún ní báàjì tí wọ́n lè lẹ̀ máyà, kí ẹni tó jókòó lè mọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Kò sóhun tó burú bí Èkó bá ṣe irú rẹ̀.

Ní Mumbai, India, níbi tí ìfúnpọ̀ ọkọ̀ ojú irin ti le gan-an, wọ́n ní kóòṣì tó jẹ́ tobìnrin nìkan. Láti ọdún 1992 ni wọ́n tiẹ̀ ti ní odindi ọkọ̀ obìnrin láàárín Churchgate àti Borivali. Ìdí ni pé ibi tí ara ti ń kan ara ni àwọn oníṣekúṣe ti ń rí ibi fara pamọ́ sí. Obìnrin tí wọ́n bá fọwọ́ pa lára nínú ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dákẹ́, àwọn tó wà nítòsí náà kò gbọ́dọ̀ wò ó níran.

Ohun tí èrò lè ṣe

- Bí iṣẹ́ bá gbà á, kéèyàn wọ ọkọ̀ tó ṣáájú èyí tí gbogbo ayé ń wọ̀, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e.
- Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ bọ́ tán kí wọ́n tó wọlé.
- Kí wọ́n wọnú lọ sí àárín kóòṣì, kí wọ́n má dúró sẹ́nu ọ̀nà.
- Kí wọ́n bọ́ báàgì kúrò lẹ́yìn, kí wọ́n gbé e síwájú tàbí sílẹ̀. Èyí ń fi àyè sílẹ̀, ó sì ń dáàbò bo fóònù àti owó.
- Kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ tàbí ẹrù dá ilẹ̀kùn dúró.
- Ẹni tí òòyì bá ń kọ́ kó tètè sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, kó sì pe òṣìṣẹ́ ibẹ̀.
- Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ̀ mọ́ ìta ọkọ̀ tàbí gun òrùlé. Pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sàn ju àìdélé lọ.

Ohun tó yẹ kí aráàlú máa bèèrè

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ìjọba bá ṣí ọkọ̀ tuntun, iye àga àti bó ṣe rẹwà tó ni àwọn èèyàn máa ń sọ. Àwọn ìbéèrè tó wúlò jù fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kò pọ̀: ìṣẹ́jú mélòó ló wà láàárín ọkọ̀ kan àti òmíràn láàárọ̀? Ọkọ̀ mélòó ló wà tó ń ṣiṣẹ́? Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èwo ló máa rọ́pò rẹ̀? Aago mélòó ni èyí tó kẹ́yìn ń gbéra lálẹ́?

Bí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yìí bá dára, ìdúró ogún ìṣẹ́jú láti Mile 2 dé Marina kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Bí kò bá dára, àga tó rẹwà jù lọ kò ní wúlò fún ẹni tó wà lórí pèpéle Agége, tí ilẹ̀kùn ti pa mọ́ níwájú rẹ̀.